Ta Ni Ó Fa Apátí?

Gbólóhùn kan wà tí ó ti di bárakú lẹ́nu àwọn agbẹnusọ ọlọ́pàá àti àwọn oníròyìn ní Nàìjíríà. Bí ọlọ́pàá bá yìnbọn pa awakọ̀ ní ibi àyẹ̀wò ọkọ̀, bí ṣójà bá yìnbọn pa ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú bárékè, bí ọmọ ọlọ́dẹ bá yìnbọn pa àbúrò rẹ̀ nínú yàrá, gbólóhùn náà kì í yí padà: ìbọn ló ṣèèṣì yìn. Àwọn tí ó ń kọ ìròyìn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì a máa pè é ní accidental discharge, orúkọ yìí sì ti mọ́ aráàlú lára débi pé àwọn aláwàdà ń fi í ṣe ẹ̀fẹ̀. Wọn a sin òkú, ẹbí a sunkún, ìwé ìròyìn a ṣí ojú ewé mìíràn. Ìbéèrè kan ṣoṣo tí ó yẹ kí ẹnikẹ́ni tí ó mọ èdè kọ́kọ́ béèrè ni kò sí ẹni tí ń béèrè: ta ni olùwà gbólóhùn yìí?

Nínú èdè Yorùbá, ẹni tí ó ní ohun kan lọ́kàn tí ó sì wá ṣe òmíràn ni ó ń ṣèèṣì. Ọmọdé ṣèèṣì da omi nù. Obìnrin ṣèèṣì tẹ ẹsẹ̀ ẹni tí ó jókòó tì í nínú mọ́tò, ó sì ní kí ó má bínú. Bí ẹnì kan bá sọ pé igi ṣèèṣì wó, etí yóò kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, nítorí igi kò gbèrò láti wó, kò sì gbèrò láti dúró. Ìbọn kò ní èrò ju ti igi lọ. Síbẹ̀ òun ni wọ́n fi sí ipò olùwà, tí wọ́n sì fún ní ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó jẹ́ ti ènìyàn, kí ènìyàn lè ráàyè yọ jáde kúrò nínú gbólóhùn.

Kì í ṣe pé èdè náà kò ní ọ̀rọ̀ tí ó lè fi ṣàánú ẹni tí nǹkan bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́. Ó ní. ‘Àwo fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́’ ni Yorùbá ń wí. Lọ́nà kan náà, ‘Ìbọn yìn mọ́ ọn lọ́wọ́.’ Gbólóhùn yìí kò pe ẹnikẹ́ni ní apànìyàn, kò sì sọ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, ṣùgbọ́n ọwọ́ wà nínú rẹ̀, ọwọ́ náà sì ní ẹni tí ó ni ín. Ọwọ́ yìí gan-an ni àwọn agbẹnusọ ń gé sọnù. Ó yẹ kí ó dá, padà, kí a sì béèrè ohun tí wọ́n kọ́ ọ.

Ẹ̀rí wà nínú irin fúnra rẹ̀. Ìbọn AK ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọlọ́pàá àti ṣójà Nàìjíríà ń gbé kiri. Iléeṣẹ́ DICON tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Kàdúná ní 1964 pàápàá ti ṣe irú rẹ̀ tí wọ́n pè ní OBJ-006. Nínú ìbọn yìí, òòlù kékeré kan ni ó ń lu irin ṣóńṣó kan tí ó ń na ìdí kátíríjì. Òòlù náà kò ní sọ̀ àfi bí apátí, irin kékeré tí ìka ń fà, bá tú u sílẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ìbọn ni irin ìdè rẹ̀ wà. Bí irin náà bá wà lókè, apátí kò ṣeé fà. Bí ó bá wà ní àárín, ìbọn yóò máa yìn léraléra níwọ̀n ìgbà tí ìka bá ṣì wà lórí apátí. Bí ó bá wà nísàlẹ̀ pátápátá, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni yóò máa yìn. Nítorí náà, kí ìbọn yìí tó lè ‘ṣèèṣì’ pa ẹni tí ó jókòó sínú ọkọ̀, ẹnì kan ti ní láti fa kátíríjì wọ inú rẹ̀, ẹnì kan ti ní láti sọ irin ìdè kalẹ̀, ẹnì kan ti ní láti dojú rẹ̀ kọ ọkọ̀, ẹnì kan sì ti ní láti ki ìka bọ ibi tí apátí wà. Ẹnì kan náà ni ó ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Orúkọ rẹ̀ ni kò sí nínú ìròyìn.

Òótọ́ ni pé àwọn ìbọn kan wà tí ó lè yìn láìsí ìka. Ìbọn ìbílẹ̀ tí alágbẹ̀dẹ rọ, tí òòlù rẹ̀ ń sinmi lé orí kápù tí ń tanná, lè dún bí ó bá já bọ́ láti ara ògiri, tàbí bí ìtàkùn bá fà á nínú igbó. Ní 2017, iléeṣẹ́ SIG Sauer ní Amẹ́ríkà kéde àtúnṣe fún ìbọn ìléwọ́ P320 lẹ́yìn tí àwọn ènìyàn fi hàn pé ó lè yìn bí ó bá já lulẹ̀ ní ọ̀nà kan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ fi èyí gba ara rẹ̀ là gbọ́dọ̀ sọ pé ìbọn já bọ́, kí ó sọ ibi tí ó ti já bọ́ àti ohun tí ó lù. ‘Ó ṣèèṣì yìn’ kò sọ ọ̀kan nínú wọn.

Àwọn onímọ̀ iṣan ara ti ṣàlàyé ọ̀nà mẹ́ta tí ìka lè gbà fún apátí láìjẹ́ pé ẹni tí ó ni ìka gbèrò rẹ̀: bí ìdágìrì bá mú un, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yọ̀, tàbí bí ọwọ́ rẹ̀ kejì bá ń fi agbára di nǹkan mú, nítorí ọwọ́ méjèèjì a máa fún pọ̀. Kí òǹkàwé wá fi èyí wo ibi àyẹ̀wò ọkọ̀ ní òru. Ọlọ́pàá di ìbọn mú ní ọwọ́ ọ̀tún, ó ń fi ọwọ́ òsì fa ilẹ̀kùn dáńfó, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà létí gọ́tà, awakọ̀ sì ṣàdédé tẹ iná mọ́tò. Ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló pé sójú kan náà. Kò pọn dandan kí ó jẹ́ ẹni ibi. Bí ìka rẹ̀ bá wà lórí apátí, òkú yóò sùn. Bí ó bá nà gbọọrọ ní ẹ̀gbẹ́ ìbọn, gbogbo ìfúnpọ̀ ọwọ́ yẹn yóò parí sórí igi lásán. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ikú àti ìyè níbẹ̀ kò ju ìwọ̀n ìka méjì lọ, kò sì sí òfin tí ó lè dé ibẹ̀ lásìkò. Ìwé àṣẹ ọlọ́pàá tí a mọ̀ sí Force Order 237, tí wọ́n tún ṣe ní 2019, ń sọ ìgbà tí ọlọ́pàá lè yìnbọn. Ìgbà ni ìwé lè kọ́ni. Ìka kò mọ̀wé.

Ohun tí ń kọ́ ìka ni àṣetúnṣe, àṣetúnṣe tí ó pọ̀ débi pé ara yóò máa ṣe é kí ọpọlọ tó sọ̀rọ̀. Ọmọ tí ń kọ́ ìlù a máa fi ìka lu àga, a sì máa lu itan ara rẹ̀ nígbà tí kò sí ìlù nítòsí. Kò sí ẹni tí ń sọ pé kò tíì lùlù. Irú ìkọ́ni yìí wà fún ìbọn náà. Ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, inú ilé ni ọ̀pọ̀ oníbọn ti ń ṣe é. Wọn a yọ kátíríjì kúrò nínú ìbọn, wọn a kó gbogbo ọta lọ sí yàrá mìíràn, wọn a fi ojú àti ìka yẹ inú ìbọn wò, wọn a dojú rẹ̀ kọ ibi tí ọta kò lè là kọjá, wọn a fojú sùn, wọn a sì fa apátí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí òòlù yóò fi sọ̀. A lè pè é ní ìfàlásán. Ẹni tí ó bá ń ṣe é yóò rí ohun tí kò lè rí nígbà tí ọta wà nínú ìbọn. Ariwo ìbọn àti bí ó ṣe ń ti èjìká a máa bo àṣìṣe mọ́lẹ̀: ara ti gbọ̀n kí ìbọn tó dún, ṣùgbọ́n ẹni tí ó yìn ín rò pé ìbọn ni ó gbọn òun. Nínú ìfàlásán kò sí ariwo tí yóò purọ́ fún un. Bí ẹnu ìbọn bá mì nígbà tí òòlù sọ̀, òun ni ó mì ín.

Ìdajì ẹ̀kọ́ náà sì ni a kì í sábà dárúkọ: bí a ṣe ń gbé ìbọn dìde àti bí a ṣe ń gbé e sọ̀kalẹ̀. Ìka a nà. Ojú a fojú sùn. Ìka a wọlé. Òòlù a sọ̀. Ìka a tún jáde kí ìbọn tó kúrò lójú àmì. Ẹni tí ó bá ṣe èyí ní ogún ìgbà lójúmọ́ fún oṣù mẹ́ta, ìka rẹ̀ kò ní mọ ọ̀nà apátí mọ́ àfi bí ó bá fẹ́ yìn. Kò náwó ọta ẹyọ kan.

Kì í ṣe àṣà tuntun. Lẹ́yìn Ogun Bóà tí ó parí ní 1902, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì múra sí kíkọ́ àwọn ọmọ ogun wọn ní ìbọn. Nígbà tí ogun 1914 fi dé, wọ́n ń retí kí ọmọ ogun lè yin ọta 15 tí ó fojú sùn dáadáa ní ìṣẹ́jú kan sí ibi tí ó jìnnà tó 300 yáàdì. Orí pápá ìyìnbọn nìkan kọ́ ni wọ́n ti kọ́ ọ; kátíríjì tí kò ní ẹ̀tù àti apátí tí a ń fà lásán wà lára ẹ̀kọ́ náà. Inú àṣà ìkọ́ni yìí ni wọ́n ti tọ́ àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà dàgbà, àwọn tí ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn ṣì ń pè ní ológun Bọ́mà. Ní 2020 nígbà tí àrùn kòrónà ti pápá ìyìnbọn pa káàkiri ayé, tí wọ́n sì sún ìdíje Òlíḿpíìkì sí 2021, inú yàrá ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń fi ìbọn díje ti ń ṣe ìfàlásán kí ọwọ́ wọn má bàa kú.

Kí ni wọ́n wá ń sọ nílé? Àwọn kan sọ pé owó kò sí, pé ọta wọ́n, pé ìdí nìyẹn tí ọlọ́pàá fi lè lo ọdún púpọ̀ láìdé pápá ìyìnbọn. Bí ó bá jẹ́ pé ọta ni ó wọ́n, ìfàlásán ni ó yẹ kí wọ́n máa ṣe láàárọ̀ lálẹ́. Kò sí bárékè tí kò ní ògiri, kò sì sí ẹ̀ṣọ́ tí kò ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ó tó jáde lọ sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn mìíràn sọ pé kíkọ́ ènìyàn ní ìbọn ni kíkọ́ ọ ní ìpànìyàn. Ọ̀rọ̀ yìí dùn lórí àga ìwàásù, ṣùgbọ́n ìbọn ti wà lọ́wọ́ wọn ná. Ìjọba ìpínlẹ̀ mẹ́fà ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní Oṣù Kínní 2020. Ní Máídúgùrì, àwọn ọ̀dọ́ ti ń bá ológun ṣọ́ ìlú láti 2013. Àwọn ọdẹ ti gbé ìbọn ní Sàró àti ní Kódìfúà nínú ogun abẹ́lé. Ẹni tí ó bá gbé ìbọn fún wọn tí ó sì kọ̀ láti kọ́ ìka wọn, àlàáfíà kọ́ ni ó yàn. Ó kàn yàn pé ẹni tí kò gbèrò láti pa ni yóò kú. Ní ti àwọn tí ó gbẹ́kẹ̀ lé àyẹta, ọ̀rọ̀ wọn kò gùn: àyẹta tí ó bá tilẹ̀ jẹ́, ẹni tí ó wọ̀ ọ́ ni ó ń dáàbò bò, kì í ṣe ọmọ tí ń kiri ọsàn létí ọ̀nà.

Àtakò kan ṣoṣo ni ó ní eegun. Àwọn tí ó mọ ìbọn yóò sọ pé ìbọn òfìfo ni ó ń pa ènìyàn nílé jù, pé ẹni tí ó bá ń fa apátí nínú yàrá yóò fà á lọ́jọ́ kan tí ọta wà níbẹ̀. Òótọ́ ni. Yorùbá sì ti sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó kọ òfin ìbọn sára ògiri ní Amẹ́ríkà: ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọjú rẹ̀ kọ òun? Kí òǹkàwé kíyè sí ohun tí òwe yìí kò ṣe. Kò sọ pé kí a yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ní apátí kí a tó bẹ̀rù. Àtèyí tí ó lè yìn àtèyí tí kò lè yìn, ó fi òfin kan náà dè wọ́n. ‘Òfìfo’ jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a ń sọ nípa ohun tí a rò, ìbọn kì í sì í gbọ́ ohun tí a rò.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ New Mexico ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 21 Oṣù Kẹwàá 2021 fi èyí hàn. Wọ́n ń ya fíìmù kan tí wọ́n pè ní Rust. Gẹ́gẹ́ bí ìwé ilé-ẹjọ́ ti wí, nígbà tí wọ́n ń gbé ìbọn fún òṣèré Alec Baldwin, ẹnì kan kígbe pé ìbọn náà ‘tutù’, èyí tí ó túmọ̀ sí pé kò sí ohun tí ó lè yìn nínú rẹ̀. Ọta gidi wà nínú rẹ̀. Ó pa ayàwòrán Halyna Hutchins. Baldwin sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé òun kò fa apátí. Àyẹ̀wò tí FBI ṣe sì sọ pé bí a bá ti fa òòlù ìbọn náà sẹ́yìn pátápátá, tí inú rẹ̀ kò sì bàjẹ́, kò lè yìn láìjẹ́ pé a fa apátí. Ní 2024, ilé-ẹjọ́ dá ẹni tí ìtọ́jú ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́bi. Ẹjọ́ ti Baldwin fúnra rẹ̀ ni adájọ́ fagi lé ní Oṣù Keje ọdún náà, nítorí pé àwọn agbófinró kò fi ẹ̀rí kan han àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó kọjá láti ẹnu sí etí níbẹ̀, gbogbo ènìyàn sì fi í rọ́pò ojú.

Nítorí náà, ìdáhùn sí àtakò yìí kò ju pé kí a lé ọ̀rọ̀ ‘òfìfo’ jáde kúrò nínú ìfàlásán. Ẹni tí ń ṣe é kò gbọ́dọ̀ sọ pé ìbọn òun ṣófo. Kí ó sọ pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó sì ṣe bí ẹni pé irọ́ ni. Kò gbọ́dọ̀ sí ọta kankan nínú yàrá náà. Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ yàrá tí ìyàwó àti ọmọ wà lẹ́yìn ògiri rẹ̀, nítorí búlọ́ọ̀kù oníhò kò lè dá ọta AK dúró. Ibi tí jàǹbá pọ̀ sí kì í ṣe àárín ìdánrawò bí kò ṣe ìparí rẹ̀: ó ti parí, ó ti ki ìbọn padà, ọkàn rẹ̀ sì sọ pé kí òun fà á lẹ́ẹ̀kan péré sí i. Kí ẹni tí ó bá parí sọ ọ́ sókè pé òun ti parí, kí ó gbé ìbọn náà sọ́nù lójú ara rẹ̀, kí ó má sì padà sí i lọ́jọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ ọdẹ yàtọ̀ díẹ̀, nítorí òun ni ìbọn rẹ̀ wà nílé ní tòótọ́. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 kò fi àyè ìbọn ìléwọ́ sílẹ̀ fún aráàlú lásán. Ohun tí ó lè gba ìwé àṣẹ fún ni ìbọn ọdẹ oníkátíríjì àti ìbọn ìbílẹ̀ tí a ń ki láti ẹnu. A kò lè yọjú wo inú èyí tí a ń ki láti ẹnu, ẹni tí ó bá sì gbé ojú tàbí ẹnu lé e kí ó lè mọ ohun tí ó wà níbẹ̀ ti fi orí rẹ̀ ta tẹ́tẹ́. Ọ̀pá ìkìbọn ni ẹlẹ́rìí rẹ̀. Nígbà tí ó bá dájú pé kò sí nǹkan nínú ìbọn, kí ọdẹ ti ọ̀pá náà bọ̀ ọ́ títí dé ìdí, kí ó fi ọ̀bẹ sàmì sí i ní ibi tí ó bá ẹnu ìbọn dọ́gba. Láti ọjọ́ náà lọ, bí àmì bá ga ju ẹnu ìbọn lọ, ẹ̀tù wà nísàlẹ̀. Kí ó yọ kápù kúrò, kí ó fi awọ pẹlẹbẹ bo ibi tí òòlù ń sọ̀ sí, nítorí irin tí ń lu irin lásán yóò ba ẹnu ibẹ̀ jẹ́. Fún ìbọn oníkátíríjì, kátíríjì irọ́ wà tí a ń fi sí i kí irin ṣóńṣó má bàa ṣẹ́. Ẹ̀yìn ilé ni kí ó ti ṣe é, kí ó kọjú sí òkìtì ilẹ̀.

Ẹgbẹ́ ọdẹ ní ìpàdé. Àmọ̀tẹ́kùn ní ọ̀gá. Ọlọ́pàá ní bárékè. Kò sí ohun tí ó dí wọn lọ́wọ́ láti fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sílẹ̀ kí ọta tó dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni, kí ẹnì kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí yóò máa wo ìka nìkan, kí wọ́n sì kọ orúkọ ẹni tí ìka rẹ̀ ṣì ń wọlé láìnídìí sínú ìwé, kí ó má gbé ìbọn jáde lọ́jọ́ náà. Ìwé yẹn ni ó yẹ kí olóòtú ìròyìn béèrè nígbà tí ìbọn bá tún ‘ṣèèṣì’. Ta ni ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀? Irin ìdè wà lókè tàbí nísàlẹ̀? Ìgbà wo ni wọ́n kẹ́yìn yẹ ìka rẹ̀ wò, ta ni ó sì buwọ́ lù ú? Ìròyìn tí kò bá dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí, kí olóòtú dá a padà fún ẹni tí ó mú un wá.